Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré ogun orí tábìlì, èyí tí wọ́n ń fi ère kéékèèké ṣe. Ifẹ̀ ni mo wà, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Atewe_Mayfair

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń wo àwọn tó ń ṣeré ogun orí tábìlì lórí YouTube, èyí tí wọ́n máa ń to ère kéékèèké bí ọmọ ogun, iwin, òmìrán, oṣó, dírágọ́nì, wọ́n á fi téèpù wọn ibi tí oníkálùkù máa rìn dé, wọ́n á da dáìsì kí wọ́n tó mọ ẹni tó ṣubú. Ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti fọ́tókọpì ni mò ń ṣe ní Mayfair níbí, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, òun ni mo máa ń wò sùn, kì í tiẹ̀ ṣe ogun yẹn ló wù mí tó bí ọ̀dà tí wọ́n ń kùn sí wọn lára, kí èèyàn mú nǹkan tí ò tó ìka kó fi búrọ́ọ̀ṣì yọ ojú, kó yọ ìmú, kó yọ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn.

Ibi tí mo há sí rèé. Mo wo iye tí wọ́n ń ta àpótí ọmọ ogun kan lókè òkun, mo ṣẹ́ ẹ sí náírà, owó bébà tí mò ń rà sí ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni, a ò tíì sọ owó ẹrù àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Oṣù tó kọjá mo wá ra àwọn kan tó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ ẹnìkan lórí ẹ̀rọ, fọ́tò tó fi hàn mí dára gan-an, ìgbà tí ẹrù dé, ohun ìṣeré ọmọdé ni, òmíràn ga tó ọ̀pá bírò, òmíràn ò ju èékánná lọ, wọn ò bára wọn mu rárá, ó sì dùn mí.

Ẹ bá mi dáhùn: irú eré wo ni kí n mú nínú wọn, ṣé dandan ni kí n ra ère ilé iṣẹ́ tó ni eré, ṣé mo lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà níwọ̀n ìgbà tí mo ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọ̀dà wo ni wọ́n ń lò, ta sì ni mo máa bá ṣeré, nítorí àbúrò mi ọkùnrin nìkan ló wà nílé, òun náà ń múra WAEC.

Osomaalo_Ilesa

Àbúrò, o káre tí o béèrè kí o tó tún náwó. Èmi àti àwọn mẹ́ta kan la jọ ń ṣeré yìí nílé mi ní Iléṣà, lọ́jọ́ Sátidé tí kò bá sí òkú àti ìgbéyàwó, ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú lọ ju gbogbo ẹ̀ lọ nìyí: ère mẹ́wàá péré ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, márùn-ún tìrẹ, márùn-ún ti ẹni tó máa jókòó lódìkejì. Gbogbo fídíò tí ò ń wò yẹn, ìlú tí ṣọ́ọ̀bù eré wà ni wọ́n ti ṣe é, ẹni méjì á gbé ọmọ ogun tiwọn wá látilé. Níbí, ẹni tó ní ọpọ́n ayò náà ló ní ọmọ ayò, àlejò kàn ń jókòó ni, ó ń ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o ṣe é. Tí o bá kó owó lé ọmọ ogun ńlá kan ṣoṣo, wàá kùn ún tán, wàá tò ó sórí fèrèsé, kò ní sí ẹni tó máa bá ọ jà. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, ọdún kan gbáko ni àwọn ogójì tí mo kọ́kọ́ ní fi wà nínú páálí bàtà.

Ní ti eré tí wàá mú. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni Warhammer ti Games Workshop, Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà, ọdún 1983 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ti idán àti iwin jáde. Lọ́dún 2015 wọ́n fi Age of Sigmar rọ́pò ẹ̀, wọ́n yí ẹsẹ̀ ìdúró àwọn ère láti onígun mẹ́rin sí roboto, inú bí ọ̀pọ̀ àwọn àgbà eré, ìgbà tó di 2024 wọ́n tún dá ti àtijọ́ padà, The Old World ni wọ́n ń pè é. Mo sọ ìyẹn kí ó má bàa rú ọ lójú tí o bá rí fídíò méjì tí ẹsẹ̀ ère wọn ò jọra. Eré tó dùn ni, ère wọn lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni kí ìwọ fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ sí ìkànnì One Page Rules, wa eré Age of Fantasy Skirmish, ọ̀fẹ́ ni òfin ìpìlẹ̀ ẹ̀, wàá sì tẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Ère yòówù kí o ní, wọn ò bi ọ́ níbi tí o ti rà á. Dáìsì lúdò ló ń lò. Bó ṣe ń lọ nìyí: mo gbé ẹnìkan, o gbé ẹnìkan, mo tún gbé, o tún gbé, títí gbogbo wọn á fi rìn. Ẹni tó bá rọra rìn, íńṣì 6, ó ṣì lè ta ọfà, ẹni tó bá sáré tàbí tó kọlu èèyàn, íńṣì 12. Ká ní jagunjagun mi ní Quality 4, ìyẹn ni pé dáìsì ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 4 kó tó bá èèyàn, mo da dáìsì, ó bọ́ sí 5, mo ti bá ọ nìyẹn, ìwọ náà á da tìrẹ láti fi dáàbò bo ara ẹ, tí Defense ẹ, nọ́ńbà tí dáìsì ẹ gbọ́dọ̀ tó, bá jẹ́ 5 tí dáìsì sì fi 3 hàn, ọgbẹ́ ti wọlé. Ìyẹn ni orí àti ìrù ẹ̀. Àbúrò ẹ á ti mọ̀ ọ́n kí ìrẹsì tó jinná.

Tó bá jẹ́ oṣó ló wù ọ́, Frostgrave náà wà, oṣó kan, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kan, ọmọ ogun mẹ́jọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlú ahoro tí yìnyín bò ni wọ́n ti ń wá ìṣúra kiri. Ìwé ẹ̀ ni wàá rà, ère ò ṣe dandan. Dáìsì olójú 20 ló ń lò, ìyẹn ò sí lọ́jà wa, ṣùgbọ́n fóònù lè bá ọ dà á.

Nípa bébà, bẹ́ẹ̀ ni, tẹ̀ ẹ́. Iwájú àti ẹ̀yìn, kí o ṣẹ́ ẹ po sórí káàdì tó nípọn, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ìdérí ìgò míńrà kó lè dúró. Kí gbogbo wọn jẹ́ ìwọ̀n mílímítà 28, ìyẹn ni láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ojú, ó fi díẹ̀ ju íńṣì kan lọ. Ìwọ̀n yẹn ni kí o máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ta ère fún ọ, má wo fọ́tò.

Alatike_Lagere

Ẹ kú iṣẹ́ o bọ̀dá Òṣómàáló. Gbogbo ẹ̀ ni mo fara mọ́ àfi ti bébà yẹn. Ọmọ yìí ní ọ̀dà ló wu òun, kò ní ogun, tó bá jẹ́ bébà nìkan ló ní, kí ló fẹ́ kùn? Fi bébà kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣeré, àbúrò mi, mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n wá ère gidi kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ yìí kí o gbé búrọ́ọ̀ṣì lé e, kí ìfẹ́ tó mú ọ wá má lọ tutù.

Iṣẹ́ àtíkè ni mò ń ṣe, ìyàwó ni mò ń kùn lójú láàárọ̀, mo ń kùn ère lálẹ́, búrọ́ọ̀ṣì tírò tín-ín-rín tí mo fi ń fa ojú ìyàwó náà ni mo fi ń fa ojú òmìrán. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì àrà ọ̀tọ̀ kankan tí o nílò báyìí. Èyí tí imú ẹ̀ bá ṣì mú, tí kò tú yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́, ó ti tó. Má ki gbogbo irun ẹ̀ bọ inú ọ̀dà, ìdajì ni kí o máa kì, tí ọ̀dà bá ti wọ ìdí irun níbi tí irin ti mú un, búrọ́ọ̀ṣì yẹn ti kú.

Ọ̀dà acrylic ni kí o rà, irú tí àwọn ayàwòrán ń lò. Má lo ọ̀dà ògiri, ó ki jù, gbogbo iṣẹ́ tó wà lójú ère ló máa dí. Fi omi là á títí tó fi rí bí mílíìkì, kùn ún lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ kó gbẹ, tún kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ìpele méjì tó fẹ́lẹ́ dáa ju ọ̀kan tó ki lọ. Lẹ́yìn náà po búráùn tó dúdú, fi omi púpọ̀ sí i, fi ra ère náà látòkè délẹ̀, ó máa ṣàn wọ inú ìṣẹ́po aṣọ àti ìdí ìmú fúnra ẹ̀, ibi tó ga á mọ́lẹ̀, ibi tó jìn á ṣókùnkùn, ojú ẹ̀ á là lójijì bí ẹni tó jí.

Ohun kan tí àwọn fídíò òyìnbó ò ní sọ fún ọ ni awọ ara tiwa. Wọ́n á ní kí o fi funfun kún àwọ̀ kí o fi fa ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà. Tí o bá fi funfun kún búráùn tó dúdú, ère yẹn á rí bí ẹni tí ọyẹ́ bù tí kò fi ìpara para. Ọsàn tàbí pupa tó dà bí ilẹ̀ ni kí o fi kún un, fi díẹ̀ sí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, sí iwájú orí, sí ṣóńṣó ìmú, wàá rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń bẹ lára ẹ̀. Àràádọ́ta ojú ìyàwó ló kọ́ mi ní èyí.

Kí o tó kùn ún rárá, práímà, ìyẹn ọ̀dà àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ kí ọ̀dà yòókù lẹ̀. Ọ̀dà tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń fín, tó bá ti jẹ́ práímà tí kò dán, ó ṣe é lò, ṣùgbọ́n dán an wò lára nǹkan tí o fẹ́ sọ nù kọ́kọ́. Gbọn agolo yẹn dáadáa fún bí ìṣẹ́jú méjì, jìnnà sí ère bí apá ọmọdé, fín in kọjá fìrì, má dúró lójú kan. Má ṣe é nígbà tí òjò bá ṣú o. Oṣù kẹjọ kan báyìí mo fín mẹ́fà lẹ́yìnkùlé nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ọ̀rinrin wọ inú ọ̀dà, gbogbo wọn funfun hàùhàù, wọ́n sì rí ṣákiṣàki bíi pé mo gbọn gàrí lé wọn lórí. Mo ní láti fọ̀ ọ́ kúrò, odidi ọjọ́ mẹ́ta ni. Ìgbà òjò, lo práímà tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, ó ń pẹ́ ṣùgbọ́n kì í bàjẹ́.

Injinia_Kampusi

Ẹ kú àṣálẹ́ gbogbo ilé. OAU ni mo wà, mo ní ẹ̀rọ 3D printer kékeré kan, èyí tó ń tẹ ère gidi jáde, tí èmi àti rúúmèètì mi dá owó rà. Bọ̀dá atẹ̀wé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ iná àti ẹ̀rọ, ẹ ò ní rí i bí àjèjì. Fáìlì ère pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ọ̀fẹ́, àwọn kan owó táṣẹ́rẹ́.

Oríṣi méjì ni ẹ̀rọ yẹn. Èyí tó ń yọ́ okùn ọ̀rá, ó rọrùn láti lò, kò ní òórùn burúkú, ṣùgbọ́n ìlà ìlà á hàn lára ojú ère tó kéré báyẹn, ilé, ògiri, igi, àpáta ló dáa fún. Èyí tó ń lo rẹ́sìn olómi ni ojú ère ti máa ń yọ kedere dé orí èékánná. Tó bá jẹ́ òun lẹ máa bá pàdé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọwọ́ lásán kan rẹ́sìn tí kò tíì gan, ó ń ba awọ ara jẹ́, ìbọ̀wọ́, fèrèsé ṣíṣí, ẹ má ṣe é nínú yàrá tí ẹ ń sùn. Ẹ máa fi ọtí isopropyl fọ̀ ọ́, kí ẹ wá gbé e sóòrùn kó gan, oòrùn Ifẹ̀ ọ̀sán gangan ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa.

Ìṣòro tiwa ni iná. Ère méje wà lórí ẹ̀rọ mi lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ti tó àyà, wọ́n mú iná lọ, ìsàlẹ̀ ara méje ni mo bá láàárọ̀. Báyìí inverter ni mò ń lò, mi ò sì ń tẹ̀ ju mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan.

Nípa gọ́ọ̀mù: ère ọ̀rá tó wá nínú àpótí ilé iṣẹ́, gọ́ọ̀mù tó ń yọ́ ọ̀rá ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, á jẹ́ kó di ọ̀kan. Rẹ́sìn àti irin, gọ́ọ̀mù yẹn ò ràn án, súpà gúlù ni.

Atewe_Mayfair

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti wa òfin yẹn, mo ti tẹ̀ ẹ́, mo ti ṣẹ́ bébà mẹ́wàá sórí ìdérí míńrà, a ta á lánàá pẹ̀lú àbúrò mi lórí tábìlì tí mo fi ń gé ìwé, ó nà mí.

Ó ku ìbéèrè kan tó ń jẹ mí lọ́kàn. Mi ò mọ ilẹ̀ àwọn oníyìnyín yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sí ààfin mo máa ń wo ère Mọ́remí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2016 yẹn, ẹsẹ̀ bàtà 42, ògùṣọ̀ lọ́wọ́. Ṣé mi ò lè fi ìyẹn ṣe ọmọ ogun tèmi? Àwọn Ìgbò inú ìtàn Mọ́remí (kì í ṣe ẹ̀yà Íbò o) tó ń jáde láti inú igbó tí wọ́n fi ìko bo ara, tí àwọn ará Ifẹ̀ rò pé ẹbọra ni wọ́n? Àbí ó di dandan kó jẹ́ ohun tó wà nínú ìwé eré?

Osomaalo_Ilesa

Àbúrò, kò pọn dandan. Ohun tó sì dáa jù tí mo tíì kà níbí nìyẹn. Àwa níhìn-ín, ọ̀kan nínú wa ti ń ṣe ti Kírìjì, ogun 1877 sí 1893, Ògèdèǹgbé wà níbẹ̀ àti ìbọn, ṣùgbọ́n ìtàn gidi nìyẹn, ó ń fẹ́ ìwádìí, aṣọ àti ìbọn gbọ́dọ̀ bá ti ìgbà yẹn mu. Ti Mọ́remí gba àrà, ẹbọra gan-an ni ojú ọmọ Ifẹ̀ rí, ibẹ̀ sì ni idán ẹ̀ wà.

Bí mo ṣe máa ṣe é rèé tó bá jẹ́ èmi. Kí Mọ́remí tó padà dé ilé, ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará Ifẹ̀ tó bá fẹ́ kọlu oníko, á kọ́kọ́ da dáìsì, tí kò bá tó 4, ẹ̀rù bà á, á sá sẹ́yìn íńṣì 6. Mọ́remí kò ní jà. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó rìn la tábìlì kọjá, kó kan etí tábìlì ti àwọn Ìgbò, kó sì padà dé ilé láàyè. Ọjọ́ tó bá dé ilé, ẹ̀rù tán, ògùṣọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tó bá di ògùṣọ̀ mú tó sì bá oníko, oníko ò ní da dáìsì láti fi dáàbò bo ara ẹ̀ mọ́, ìko ti gbaná. Àwọn Ìgbò náà gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n ń wá kó má jẹ́ pé wọ́n kàn dúró de iná: kí wọ́n máa kó ẹrú àti ẹrù lọ́jà, fi ìdérí míńrà mẹ́ta sí àárín tábìlì. Tábìlì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́ta ni kí o fi ṣe é, tí ó bá tóbi jù, Mọ́remí ò ní padà délé láéláé. Ẹ ta á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́, ibi tí ẹnìkan bá ti ń borí jù ni kí o tún ṣe.

Ṣùgbọ́n kí o fún àwọn Ìgbò ní ọ̀wọ̀ tiwọn, àwọn ará Ugbò, tó ní ìran wọn làwọn, ní ìtàn tiwọn nípa ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì bá ti Ifẹ̀ dọ́gba. Má kùn wọ́n bí ẹranko.

Alatike_Lagere

Háà, èyí gan-an ló dùn mọ́ mi. Mo ti ṣe oníko kan rí, mo máa sọ bí mo ṣe ṣe é.

Lọ sí ọjà, ra ìko gidi díẹ̀, fi èékánná fà á ya títí yóò fi tín-ín-rín bí irun. Gé e kéékèèké, kó má ju ìlàjì èékánná lọ. Ìsàlẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́, ní orokún, kí o máa bọ̀ lókè ní ìpele ìpele, bí wọ́n ṣe ń fi koríko bo ilé, ìpele òkè á bo ẹsẹ̀ ti ìsàlẹ̀, gọ́ọ̀mù ò ní hàn. Tí o bá bẹ̀rẹ̀ látorí, ó máa dúró gbagidi bí ìgbálẹ̀. Fi ojú méjèèjì sílẹ̀ nínú ìko, kí àlàfo kékeré kan wà tí dúdú á wà nínú ẹ̀, má kun ojú sí i, òkùnkùn yẹn ló ń dẹ́rù bani. Kí o wá fi búráùn olómi yẹn kan ìdí ìko, kí orí ẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ tirẹ̀.

Ògùṣọ̀: igi ìṣáná tí o gé, òwú díẹ̀ tí o fi gọ́ọ̀mù rin lórí ẹ̀, fi ọwọ́ lọ́ ṣóńṣó ẹ̀ sókè. Ní iná, ìdí ni ó mọ́lẹ̀ jù, nítorí náà yẹ́lò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun ní ìsàlẹ̀ tó kan igi, ọsàn láàárín, pupa ní ṣóńṣó. Ọ̀pọ̀ ló ń kùn ún lódì, wọ́n á fi pupa sísàlẹ̀, ó á dà bí òdòdó. Fi ọsàn díẹ̀ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mọ́remí ní ìhà ibi tí ògùṣọ̀ wà nìkan, kí ìhà kejì ṣókùnkùn.

Injinia_Kampusi

Bọ̀dá, mo lè tẹ obìnrin kan tó dúró tó na ọwọ́ sókè, lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹ bá lè bá mi tẹ project mi tó bá tó àsìkò. Ọkùnrin mẹ́rin tí kò wọ aṣọ ogun náà wà lọ́wọ́ mi fún oníko, ìko á bo ara wọn náà ni.

Atewe_Mayfair

A ti ṣe àdéhùn, project yín wà lọ́wọ́ mi, àti bíńdìn ẹ̀. Àǹtí, ọ̀la ni mo máa lọ wá ìko ní Odò-Ogbè. Ẹ̀gbọ́n Òṣómàáló, ṣé mo lè wá wo bí ẹ ṣe ń ta á?

Osomaalo_Ilesa

Máa bọ̀, àtìwọ àti àbúrò ẹ tó bá ti ṣe tán WAEC. Ifẹ̀ sí Iléṣà ò ju bíi kìlómítà 30 lọ. Aago mẹ́wàá la máa ń bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kó àwọn bébà mẹ́wàá yẹn dání, mo fẹ́ rí wọn, kí o sì bá mi ra téèpù aránṣọ kan bọ̀, tiwa ti já ní íńṣì 9.